Òòyì Ojú Omi: Bí A Ṣe Lè Borí Rẹ̀ Láìlo Oògùn

ÌFÁÀRÀ

Ará òkè ni wá. Ẹni tí a bí sí Obbo-Aiyégúnlẹ̀, tí ó sì dàgbà sí agbègbè Ọ̀sì àti Ìlọ́fà ní ìpínlẹ̀ Kwara, òkè àti àpáta ni ojú rẹ̀ mọ̀. Omi tí ó mọ̀ kò ju odò kékeré tí a ń fi ẹsẹ̀ là kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́, iṣẹ́ àti òwò kì í jẹ́ kí ọmọ ará òkè jókòó sí òkè títí. Nígbà tí ó bá yá, a ó bá a ní Ìkòròdú, níbi tí ó ti fẹ́ wọ ọkọ̀ la ọ̀sà kọjá sí Erékùṣù Èkó. A ó bá òmíràn ní Ìgbókòdá, tí ó ń lọ sí Ayétòrò ní etíkun àwọn Ìlàjẹ. Kódà nínú ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí, ẹni tí iṣẹ́ bá gbé dé Pátígi tàbí Jẹ́bà yóò fi ojú kan odò Ọya, ó sì lè di dandan fún un láti wọ ọkọ̀ níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní omi kò ní ọ̀tá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi mọ àlejò. Kí ọkọ̀ tó rìn jìnnà, òòyì ti gbé àlejò, itọ́ ti kún ẹnu rẹ̀, inú rẹ̀ sì ti ń rú. Àwọn tí omi ti mọ́ lára á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á sì máa rò pé bóyá ojo ni òun.

Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ sọ kò pọ̀. Òòyì ojú omi kì í ṣe ojo, kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà ẹnikẹ́ni. Ìjà ni láàárín ojú àti etí. Ẹni tí ó bá mọ ìdí ìjà náà yóò mọ bí a ṣe ń parí rẹ̀, yóò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìdìde kúrò ní ìjókòó. Ọ̀rọ̀ ìjókòó yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nínú irú ọkọ̀ tí à ń wọ̀ nílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

BÍ A ṢE Ń DÁ A MỌ̀

Kì í ṣe èébì ni ó máa ń kọ́kọ́ dé. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ kíyè sí ara rẹ̀ yóò rí i pé òun kọ́kọ́ ń yán, oorun sì ń kun òun láìjẹ́ pé ó rẹ òun. Lẹ́yìn náà ni òógùn tútù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níwájú orí, ojú yóò ràn, itọ́ yóò máa sun ní ẹnu, orí yóò sì wúwo. Ẹ̀yìn èyí ni inú yóò máa rú, tí èébì yóò sì tẹ̀ lé e. Ó dára kí a mọ àwọn àmì ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀nyí, nítorí pé ìgbà tí a bá ń yán ni ó rọrùn láti dá a dúró. Bí ó bá ti di èébì, ó ti pẹ́ jù fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọgbọ́n tí a fẹ́ sọ.

Kò sí ìyàtọ̀ láàárín èyí àti ohun tí ó ń ṣe àwọn ọmọdé nínú mọ́tò nígbà tí ojú ọ̀nà bá lọ́, tí àwọn òbí wọn sì ní láti mú ọ̀rá dání. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Nítorí náà, ẹni tí kò tíì wọ ọkọ̀ ojú omi rí lè lo ohun tí ó bá kà níhìn-ín nínú bọ́ọ̀sì tí ó ń gbé e lọ sí Ìlọrin.

ẸLẸ́RÌÍ MÉJÌ, ADÁJỌ́ KAN

Gbogbo wa ni a ti ṣe eré òòyì nígbà èwe. A ó na apá méjèèjì, a ó máa pòòyì títí, a ó wá dúró lójijì. Ẹsẹ̀ ti dúró, ṣùgbọ́n ilé, igi àti àwọn ẹgbẹ́ wa á ṣì máa yí. Kí ni ó fà á?

Ní inú lọ́hùn-ún etí kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta wà tí wọ́n tẹ̀ bí òrùka. Omi wà nínú wọn, àwọn irun kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí sì wà níbẹ̀ tí omi náà ń tì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí a bá yí orí, omi náà yóò ti irun, irun yóò sì ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé orí ti yí. Nígbà tí ọmọ tí ó ń pòòyì bá dúró lójijì, omi inú etí rẹ̀ kò ní dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí omi inú igbá ṣe máa ń yí lọ díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí a bá ti dá igbá dúró. Etí ń sọ pé ‘À ń yí’, ojú ń sọ pé ‘A ti dúró’. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀nà mẹ́ta yìí ni ibi méjì mìíràn wà tí òkúta wẹ́wẹ́ bí iyanrìn wà nínú wọn. Àwọn ni ó ń sọ fún wa bí a bá ń gòkè, bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, tàbí bí ọkọ̀ bá ń sáré síwájú.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ẹni yìí sínú yàrá ọkọ̀ ojú omi. Ògiri, àga àti tábìlì ń bá a rìn pọ̀, nítorí náà ojú jẹ́rìí pé ohunkóhun kò mì. Ṣùgbọ́n ìgbì ń gbé ọkọ̀ sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, etí sì jẹ́rìí pé gbogbo nǹkan ń mì. Ọpọlọ tí ó jẹ́ adájọ́ gbọ́ ẹ̀rí méjì tí kò bára mu, ọkàn rẹ̀ sì dàrú. Bákan náà ni fún ẹni tí ó ń ka ìwé tàbí tí ó tẹjú mọ́ fóònù nínú mọ́tò. Ojú wà lórí ohun tí ó dúró jẹ́ẹ́, etí sì ń rí gbogbo kòtò ojú ọ̀nà. Èyí ni ó mú kí ó ṣọ̀wọ́n kí òòyì gbé dẹ́rẹ́bà fúnra rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lọ́nà, ọwọ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ wà, ó sì ti mọ ibi tí yóò yà sí kí ó tó yà.

Ẹnìkan lè béèrè pé, bí ẹ̀rí méjì kò bá bára mu, kí ni ó kan ikùn? Ní ọdún 1977, Michel Treisman mú àbá kan wá. Ó ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ohun tí ó sábà máa ń da ojú àti etí rú pọ̀ ni májèlé tí ènìyàn jẹ. Nítorí náà, bí ọpọlọ bá ti rí irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀, ó gbà pé májèlé ti wọ inú, ó sì pàṣẹ pé kí ikùn dà á jáde. Àbá lásán ni, ṣùgbọ́n ó bá ọgbọ́n mu.

Ẹ̀rí tí ó fi hàn gbangba pé etí wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ti ọ̀dọ̀ àwọn adití wá. Láàárín ọdún 1950 àti 1970, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà lo ọkùnrin mọ́kànlá láti Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití, fún ìwádìí nípa ìrìn-àjò ojú òfuurufú. Àìsàn ti ba inú etí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ láti kékeré. Wọ́n kó wọn wọ ọkọ̀ lórí òkun tí ó ń ru gùdù lẹ́bàá Nova Scotia ní Kánádà. Àwọn adití jókòó, wọ́n ń ta káàdì, wọ́n sì ń bá ara wọn ṣeré. Àwọn olùwádìí ni èébì dá dúbúlẹ̀ tí wọ́n fi ní láti dá iṣẹ́ dúró. Ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

ÀWỌN TÍ Ó MÁA Ń MÚ

Ṣàṣà ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì tí ó máa ń mú. Àwọn ọmọ tí ó tó ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ni ó ń dà láàmú jù, bí ènìyàn sì ti ń dàgbà ni ó ń dín kù. Ó ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ, ó sì ń mú aboyún àti àwọn tí ẹ̀fọ́rí túúlu máa ń yọ lẹ́nu gidigidi. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1988, a bi èrò ọkọ̀ ojú omi tí ó lé ní 20,000 léèrè. Nínú ọgọ́rùn-ún, 7 ni ó bì, 21 sì sọ pé ara àwọn kò fi bẹ́ẹ̀ yá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn ará òkè nìkan ni. Nelson, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Charles Darwin fi ọdún márùn-ún yí ayé ká nínú ọkọ̀ Beagle, láti 1831 sí 1836, òòyì sì ń bá a jà títí ó fi padà dé ilé. Àwọn àgbà tiwa náà mọ̀ ọ́n. Kí ọkọ̀ òfuurufú tó wọ́pọ̀, ọkọ̀ ojú omi ilé iṣẹ́ Elder Dempster ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa wọ̀ láti Àpápá lọ sí Liverpool. Lára àwọn ọkọ̀ náà ni Aureol, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní 1951 tí ó sì fi í sílẹ̀ ní 1974. Ìrìn-àjò náà ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì. Bí wọ́n bá sì dé inú òkun Biscay lẹ́bàá ilẹ̀ Faransé, níbi tí ìgbì ti máa ń ga, ọ̀pọ̀ wọn kì í lè dé ìdí tábìlì oúnjẹ.

Ìdí kan tún wà tí òkun fi burú ju ọ̀sà lọ. Kì í ṣe mímì tí ó yá ni ó ń da inú rú jù. Èyí tí ó rọra ń gbéni sókè tí ó sì rọra ń sọni kalẹ̀, tó ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, òun ni aṣebi. Nítorí náà, ọkọ̀ kékeré tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń sáré lè máa gbá ènìyàn nídìí lásán. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá kú, tí ìgbì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fì í, ìgbà náà ni òòyì ń dé.

KÍ A TÓ WỌ ỌKỌ̀

Ẹni tí ó bá ní ìrìn-àjò omi lọ́la, kí ó sùn dáadáa lónìí. Àìsùn ń fún òòyì lágbára. Kí ó má wọ ọkọ̀ pẹ̀lú ikùn òfìfo, kí ó má sì jẹ àjẹyó. Ẹ̀kọ, búrẹ́dì tàbí bisikíìtì díẹ̀ tó. Kí ó jìnnà sí oúnjẹ olóròóró àti ata púpọ̀. Ọtí kò yẹ rárá, ìbáà ṣe bíà tàbí paraga. Ọtí fúnra rẹ̀ ń da omi inú etí rú, ìdí nìyí tí ilé fi ń yí lójú ọ̀mùtí.

Ọ̀rọ̀ atalẹ̀ yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Ó pọ̀ ní ilẹ̀ wa, pàápàá ní gúúsù ìpínlẹ̀ Kaduna, kò sì sí ọjà tí a kò ti lè rí i. Ní ọdún 1988, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ilẹ̀ Denmark dán an wò lára ọgọ́rin ọmọ ogun ojú omi tí òkun kò tíì mọ́ lára. Wọ́n fún àwọn kan ní gíráàmù kan ìyẹ̀fun atalẹ̀, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní ohun mìíràn tí kò ní agbára kankan, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ èyí tí òun gbà. Èébì àti òógùn tútù dín kù lára àwọn tí ó lo atalẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrúnú àti òòyì gan-an kò dín kù tó èyí tí a lè fọwọ́ sọ̀yà. Àwọn ìwádìí mìíràn kò sì rí iṣẹ́ kan tí ó ṣe. Nítorí náà, kí a mú un bí olùrànlọ́wọ́, kí a má mú un bí olùgbàlà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó, kí ó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná bíi tíì, kí ó mu ún ní bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan kí ọkọ̀ tó ṣí. Kí aboyún àti ẹni tí ó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kọ́kọ́ bi dókítà wọn.

Okùn ọwọ́ kan tún wà tí wọ́n ń tà, tí ó ń tẹ iṣan inú ọrùn ọwọ́. Àwọn kan búra pé ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwádìí kò fi ẹnu kò lórí rẹ̀. Kò lè pa ni lára, kò sì yẹ kí a gbẹ́kẹ̀ lé e. Irú ojú kan náà ni kí a fi wo iyọ̀ lílá àti èèpo ọsàn tí àwọn èrò ọkọ̀ máa ń gbóòórùn.

NÍGBÀ TÍ A BÁ WÀ NÍNÚ ỌKỌ̀

Ohun kìíní ni ibi tí a jókòó sí. Bí ọmọdé méjì bá jókòó sí orí kìíní-kejì pátákó gígùn tí wọ́n gbé lé kùkùté, àwọn ni yóò máa lọ sókè sódò. Ẹni tí ó bá wà ní àárín kò ní mì púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi rí. Àárín ọkọ̀ ńlá, ní ìsàlẹ̀, ni ó dára jù. Nínú ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́ńjìnnì, iwájú ni ó ń fò jù, nítorí náà kí a jókòó sí àárín tàbí sí apá ẹ̀yìn, kí a sì kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Nínú mọ́tò, ìjókòó iwájú ni.

Ohun kejì ni ojú. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ní tòótọ́. Kí a gbé ojú kúrò nínú ọkọ̀, kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun tí kò mì ní òkèèrè: ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé omi, igi etídò, tàbí afárá. Lójú kan náà, ojú yóò rí mímì tí etí ń rí, ẹ̀rí wọn yóò sì bára mu. Kí a pa ìwé dé, kí a sì ti fóònù bọ àpò. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tàbí tí a wà níbi tí a kò lè rí òde, kí a di ojú méjèèjì. Ẹlẹ́rìí tí kò bá rí nǹkan kan kò lè ta ko èkejì rẹ̀.

Ohun kẹta ni orí. Bí orí bá ti ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún tó ni omi inú etí ń rú tó. Kí a gbé orí ti nǹkan tí ó dúró ṣinṣin, kí a má sì máa bojú wẹ̀yìn kí gbogbo ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀. Nínú ọkọ̀ ńlá tí ó ní ibùsùn, ìdùbúlẹ̀ ní ẹ̀yìn pẹ̀lú ojú dídì dára púpọ̀.

Ohun kẹrin ni èémí. Kí a máa mí sínú díẹ̀díẹ̀, kí ó dé ikùn, kí a sì máa mí síta díẹ̀díẹ̀, kí ọkàn wa wà lórí mímí náà nìkan. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ṣe ní ìlú London, tí ó jáde ní 2003, fi hàn pé mímí báyìí, tàbí orin tí ó wu etí, jẹ́ kí ara ènìyàn gba mímì fún ìgbà pípẹ́ sí i kí inú tó rú. Agbára rẹ̀ kò tó ti oògùn òyìnbó, ṣùgbọ́n kì í kun ènìyàn lóorun bí oògùn náà ti máa ń ṣe.

Ohun karùn-ún ni afẹ́fẹ́. Kí a jìnnà sí èéfín ẹ́ńjìnnì, òórùn bẹntiróò àti ẹja gbígbẹ. Kí a jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí wa lójú.

Ohun kẹfà ni ọkàn. Ní ọdún 1995, àwọn olùwádìí méjì ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ ogun ojú omi 25. Wọ́n ti sọ fún àwọn kan nínú wọn pé òòyì kò lè mú wọn, àti pé bí ó bá tilẹ̀ mú wọn, kò ní dí iṣẹ́ wọn lọ́wọ́. Wọn kò sọ nǹkan kan fún àwọn yòókù. Nígbà tí wọ́n dé orí òkun, òòyì kò mú àwọn tí a fi ọkàn wọn balẹ̀ tó bí ó ti mú àwọn ẹgbẹ́ wọn, iṣẹ́ wọn sì dára jù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fi àlejò omi ṣe yẹ̀yẹ́ ń dá kún òòyì rẹ̀ ni. Kí a fún un ní ọ̀rọ̀ ìyànjú.

Ohun keje ni sùúrù. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni igbín fi ń gun igi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá wà lórí òkun fún ọjọ́ méjì sí mẹ́rin ni ara wọn yóò gbà á. Ẹni tí ó ń wọ ọkọ̀ lóòrèkóòrè láti Ìkòròdú sí Èkó yóò rí i pé ti oṣù kìíní kì í ṣe ti oṣù kẹta.

BÍ Ó BÁ TI DÉ TÁN

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ẹni tí èébì bá gbé nínú ọkọ̀ kékeré, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni kí ó dìde, kí ó lọ sí etí ọkọ̀, kí ó tẹ̀ síta. Ìtìjú ni ó ń sún un. Àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà á sì dìde kí èébì má bàa ta sí wọn láṣọ. Ọkọ̀ tí gbogbo ìwúwo rẹ̀ ti wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ìgbì kan ṣoṣo kọ lù ú ni ó kù.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ kan tí ó ń kó èrò bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó dànù lórí odò Ọya ní agbègbè Pátígi ní ìpínlẹ̀ Kwara. Àwọn tí ó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. A kò sọ pé òòyì ni ó fà á. Òru ni, èrò inú rẹ̀ sì pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ náà fi hàn wá bí ọkọ̀ ojú omi kò ṣe ní àforíjì fún ohun tí ó bá da ìdúró rẹ̀ rú.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù mú ọ̀rá méjì dání. Bí èébì bá dé, kí ó bì sínú rẹ̀ ní ìjókòó, kí ó so ó, kí ó sì mú un dé èbúté. Kí ó má bọ́ láìfù jákẹ́ẹ̀tì nítorí pé ó ń fún un láyà. Kí ó tú okùn òkè díẹ̀, kí ó mí, kí ó sì tún un so. Lẹ́yìn èébì, kí ó máa mu omi ní díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá bì púpọ̀, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń fún ọmọ tí ó ń ṣu ni ó yẹ kí ó mu.

Bí òòyì kò bá lọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí a ti dé orí ilẹ̀, tàbí tí etí ń ké, tí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, tàbí tí orí ń fọ́ni gidigidi, kí a lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi mọ́.

ÌKÁDÌÍ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, ọ̀gbọ́n ju agbára lọ. Kò sí agídí tí a lè fi bá ìgbì jà, ṣùgbọ́n a lè fi ojú, orí àti èémí parí ìjà tí ìgbì dá sílẹ̀ nínú ara wa. Ẹ sùn dáadáa, ẹ jẹun níwọ̀n, ẹ jókòó sí àárín, ẹ wo òkèèrè, ẹ má yí orí, ẹ mí díẹ̀díẹ̀. Ohun yòówù tí inú ìbáà máa ṣe, ẹ má dìde. Ẹ kọ́ àwọn àbúrò tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ láti òkè wá bá omi. A ó máa lọ, a ó sì máa bọ̀ láyọ̀.